Bí A Ṣe Ń Lo Microlensing Láti Mọ Ohun Tí Ojú Kò Rí ní Ọ̀run: Ìlànà fún Ẹni Tó Wà ní Òṣogbo

Bí ìràwọ̀ kan bá kọjá níwájú òmíràn tó jìnnà jù ú lọ, agbára òòfà rẹ̀ á tẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, á sì kó o jọ sọ́dọ̀ wa, débi pé ìràwọ̀ ẹ̀yìn á máa mọ́lẹ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sí bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n ń pè ní microlensing nìyẹn. Einstein kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1936, ṣùgbọ́n kò gbà pé a lè rí i. Bohdan Paczyński, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló dábàá lọ́dún 1986 pé kí a máa ṣọ́ àìmọye ìràwọ̀ pa pọ̀, ọdún 1993 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i.

Ẹ má fi awò awọ̀nàjíjìn tiyín bẹ̀rẹ̀. Àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, níbi tí nǹkan yìí ti wọ́pọ̀ jù lọ, máa ń ga dáadáa lókè Òṣogbo lóru láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ìgbà òjò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òru kan tí ìkùukùu bá bò lè jẹ́ òru tí ohun tí à ń wá yọjú. Àkọsílẹ̀ OGLE, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ àìmọye ìràwọ̀ lóru, tí awò wọn wà ní Las Campanas ní Chile, ni kí ẹ lò. Ẹ wá ojú ewé Early Warning System wọn, níbi tí wọ́n ti ń kéde irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba fáìlì phot.dat ti ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Fáìlì náà kéré, kò ní jẹ dátà púpọ̀. Òpó àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́, ìkejì jẹ́ magnitude, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń wọn bí ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ìkẹta sì jẹ́ àṣìṣe ìwọ̀n.

Ẹ fi Excel yà á bí àwòrán ìlà, kí ẹ sì dojú ìwọ̀n magnitude tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà dé, torí pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ká ní ìràwọ̀ kan wà ní 18 tẹ́lẹ̀, tó sì dé 15.5 ní góńgó. Ìyàtọ̀ 2.5 yẹn túmọ̀ sí ìlọ́po 10. Ìlànà tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ni A = (u² + 2) / (u√(u² + 4)), níbi tí A ti jẹ́ ìlọ́po ìmọ́lẹ̀, tí u sì jẹ́ bí ìràwọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra lójú wa, tí a fi rédíọ́ọ̀sì òrùka Einstein wọ̀n, ìyẹn òrùka tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ẹ̀yìn ì bá yọ bí ìràwọ̀ méjèèjì bá tò sórí ìlà kan gan-an. Ìlọ́po 10 fún wa ní u tó tó 0.1. Ẹ wá wo ọjọ́ tó kọjá 17.68 nígbà tó ń gòkè, àti ọjọ́ tó padà débẹ̀: ìlọ́po 1.34 nìyẹn, níbi tí u ti jẹ́ 1. Ẹ fi 2 pín iye ọjọ́ tó wà láàárín; ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tE, àkókò Einstein, ìyẹn iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ kan fi ń rìn tó rédíọ́ọ̀sì òrùka náà lójú wa. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó fara ti èyí tí ẹ ń wò máa ń bu iyì ìlọ́po náà kù, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìṣirò yín.

Ẹ rí i pé apá méjèèjì góńgó náà jọra, pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò yí padà, àti pé kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìràwọ̀ tó ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣú fúnra rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kókó kékeré bá yọ lára ìlà náà fún wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ẹ má pa á tì. Irú rẹ̀ ni OGLE àti MOA, àwọn onímọ̀ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, rí lọ́dún 2003, plánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀nà yìí mọ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì fi tE nìkan sọ bí ohun tó wà níwájú ṣe wúwo tó, nítorí ohun kékeré tó ń rọra rìn àti ohun ńlá tó ń sáré lè ní tE kan náà. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá pẹ́ fún oṣù mélòó kan, yíyí ayé po oòrùn máa ń mú kí ìlà náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn sì ń ràn wá lọ́wọ́. Fún ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n pè ní OGLE-2011-BLG-0462, tí tE rẹ̀ lé ní ọjọ́ 200, wọ́n tún lo awò Hubble, tó wà lójú òfuurufú, láti wọn bí ìràwọ̀ ẹ̀yìn ṣe dà bíi pé ó ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Lọ́dún 2022 ni wọ́n kéde ohun tó wà níwájú bí black hole tó ń dá rìn, ìyẹn ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀.