Bí ọlọ́pàá bá ti ènìyàn yín mọ́lé: ohun tí ẹ óò ṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́

Nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín lọ, kí ẹ tó máa wá owó kiri, ẹ kọ aago tí wọ́n mú un sílẹ̀, nítorí láti ìgbà náà ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Ẹ kọ orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá náà àti ti ẹni tí ó ń wádìí ẹ̀sùn náà mọ́ ọn. Abala 35 nínú ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé, kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un tàbí tí wọ́n tì í mọ́, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, àyàfi tí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí láti fi kún un. Òfin yọ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú sílẹ̀ nínú iye ọjọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìjàngbọ̀n. Ẹ wo ìyá aláta tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: Yorùbá ni ọlọ́pàá fi ń bi í léèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí ó sì ti parí ni ó sún yíǹkì síwájú rẹ̀ pé kí ó tẹ̀ka. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sì sọ pé ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ fún un létí, kí ó sì fi orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ ara rẹ̀ sí i.

Òfin kan náà kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ tí ó sá lọ, tàbí kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé nítorí gbèsè lásán.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Onídùúró ni wọ́n lè béèrè, obìnrin sì lè dúró fún ènìyàn bí ọkùnrin ti lè ṣe é. Ó dùn mí pé a ṣì ń dá àwọn ìyá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí èyí.

Bí májísíréètì bá ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ná, òfin ti ọdún 2015 fún wọn ní ọjọ́ 14, tí ilé-ẹjọ́ sì lè fi 14 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba láti wá sọ ìdí tí ẹni náà fi wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, iye ọjọ́ sì lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò. Ẹ má ṣe pa ọjọ́ ìpadàsílé-ẹjọ́ jẹ. Ó ju ìdajì àwọn tí ó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ tí a kò tíì dá lẹ́bi, ẹni tí kò sì rí ará ilé rẹ̀ nílé-ẹjọ́ ni wọ́n tètè ń gbàgbé.

Bí owó agbẹjọ́rò kò bá sí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bá aláìní wá agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, Office of the Public Defender, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà, wà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì tì í mọ́lé kọjá ohun tí òfin gbà, agbẹjọ́rò lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí wọ́n lè san owó gbà-má-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Aago tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni agbẹjọ́rò náà yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.