Bí a ṣe ń fi dátà ya gíráàfù sípíkà, tí log ẹ̀ ò ní dojú rú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kan àpótí sípíkà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ gíráàfù tó máa ń wà nínú ìwé sípíkà, tó ń fi bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè tó hàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 20 Hz lápá òsì tó lọ parí sí 20,000 Hz lápá ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín yà á, kẹ́ ẹ lè gbé ti ilé iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi máíìkì yín wọ̀n, kò le rárá, ibì kan ṣoṣo ló ń da àwọn èèyàn láàmú, ìyẹn log (ìlà tí ìlọ́po mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ń gba àyè kan náà lórí ẹ̀), ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí.

Dátà la máa kọ́kọ́ wá. Tó bá jẹ́ REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọ̀n sáùǹdì, lẹ fi wọ̀n ọ́n, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ sí File, Export, kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ́ jáde bíi text. Òpó mẹ́ta lẹ máa rí: frequency (iye Hz), SPL (bí ohùn ṣe lọ sókè tó) tó jẹ́ dB, àti phase. Ẹ fi phase sílẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ àwòrán inú PDF nìkan lẹ ní, WebPlotDigitizer ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀fẹ́ lòun náà, inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa tẹ ibi méjì lórí ìlà ìsàlẹ̀, méjì lórí ìlà ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì sọ iye wọn fún un. Èmi 100 àti 10,000 ni mo máa ń tẹ̀, torí etí àwòrán kì í sábà hàn dáadáa. Ẹ má gbàgbé láti máàkì log fún X o! Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, nọ́ńbà á jáde, á sì jọ òótọ́, àmọ́ ibi tó yẹ kó jẹ́ 1,000 Hz láàárín 100 àti 10,000 yẹn máa di 5,050 Hz.

Ẹ tún fáìlì náà ṣe díẹ̀. Àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ nínú ti REW, ẹ pa wọ́n rẹ́. Tí ìlà 0 Hz bá wà, ẹ yọ ọ́, torí òdo ò ní log. Fáìlì tó bá wá láti Jámánì máa ń fi kọ́mà síbi tí àwa ń fi dọ́ọ̀tì sí, tẹ́ ẹ bá ṣí i ní Calc ti LibreOffice, tó dà bí Excel, tí nọ́ńbà wá fara ti apá òsì, ọ̀rọ̀ lásán ni kọ̀ǹpútà kà á sí, kò lè yà á.

Ó wá kan ibi tí wàhálà wà. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú irú gíráàfù, ẹ má mú Line. Mo tún un sọ, ẹ má mú Line! XY Scatter ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá ní kó fi ìlà so ó pọ̀. Line ò ka frequency sí nọ́ńbà rárá, ṣe ló ń tò wọ́n lọ bí orúkọ ọmọ nínú régísítà, àlàfo kan náà láàárín gbogbo wọn, yálà láti 20 sí 21 ni o tàbí láti 5,000 sí 9,000. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó lè jọ pé ó tọ̀nà. Tí dátà yín bá jẹ́ 48 point fún octave (ìlọ́po méjì Hz) kọ̀ọ̀kan, àlàfo wọn ti bá log mu tẹ́lẹ̀, Line á yà á kó dáa lójú, inú yín á dùn, àfìgbà tẹ́ ẹ bá gbé dátà míì tí àlàfo tiẹ̀ yàtọ̀ lé e lórí, báàsì eléyìí á wá bọ́ sórí ohùn àárín tọ̀hún, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn Scatter, ẹ lọ síbi Scale ti ìlà ìsàlẹ̀, ẹ máàkì Logarithmic, ẹ fi 20 àti 20000 sí i. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń log. Àwọn kan á ti kọ́kọ́ log frequency nínú òpó, wọ́n á tún wá máàkì log lórí gíráàfù, báàsì á wá fẹ̀ gbàràmù, gbogbo ohùn òkè á sì fún pọ̀ sí kọ̀rọ̀. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ẹ má máàkì log fún un, dB fúnra ẹ̀ ti jẹ́ log.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ gbé rúlà lé e: 20 sí 200, 200 sí 2,000, 2,000 sí 20,000, gígùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba, àárín gbùngbùn 20 àti 20,000 á sì bọ́ sí nǹkan bíi 632 Hz. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà síbi Scatter.

Tó bá jẹ́ Excel, tẹ́ ẹ bá fi 20 bẹ̀rẹ̀, 20, 200, 2000 ló máa kọ sísàlẹ̀, kò ní kọ 100 àti 1,000 táwọn èèyàn ń wá. Ẹ fi 10 bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn gnuplot, ètò tẹ́ ẹ máa kọ àṣẹ sí kó lè ya gíráàfù, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ gbé e, kò sì ní kẹ́ ẹ pa ìlà oníràwọ̀ rẹ́:

set datafile commentschars "*"
set logscale x
set xrange [20:20000]
set yrange [50:100]
set grid xtics mxtics ytics
plot "sipika.txt" using 1:2 with lines

Ẹ má na ìlà ẹ̀gbẹ́ dé 200 dB, torí sípíkà tó burú jù lọ á tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Ìlànà àgbáyé IEC 60263 ní kí gígùn ìlọ́po mẹ́wàá kan nísàlẹ̀ (bíi 100 sí 1,000) dọ́gba pẹ̀lú 10, 25 tàbí 50 dB lẹ́gbẹ̀ẹ́, 25 lèmi ń lò. Tẹ́ ẹ bá gbé méjì léra, ẹ fi dB kún ọ̀kan tàbí kẹ́ ẹ yọ kúrò títí wọ́n á fi pàdé ní 1,000 Hz, kẹ́ ẹ sì kọ smoothing (bí wọ́n ṣe dán ìlà náà tó) sí ara wọn, torí èyí tí wọ́n fi 1/3 octave dán ò ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi 1/24 ṣe.