Bí Mo Ṣe Gba Ọwọ́ Ọmọ Mi Kúrò Lójú

Ọmọ ọdún 7 ni ọmọ mi ọkùnrin nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ipin funfun á máa fà ní kọ̀rọ̀ ojú bí ọbẹ̀ ilá. Ilé ìwé ní Apolo ni, wọ́n dá a padà sílé. Ìyá mi ní kí n fún omi ọmú sí i lójú. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká má ṣe é. Apolo a máa ràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn kò sì mú nǹkan kan fún oṣù kan gbáko.

Dókítà ojú ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti òkè sódì, wọ́n ní kí n wò ó: inú rẹ̀ le kókó-kókó bí ọmọ àgbàdo lára ṣírì. Wọ́n wá bi mí ní ohun tí mi ò retí. Ṣé ó máa ń sín láàárọ̀? Ṣé àyà rẹ̀ máa ń dún bí fèrè? Ṣé ara máa ń yún un ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé àìsàn kan ṣoṣo ni mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí!

Àlẹ́jì ni. Ara rẹ̀ ka eruku sí ọ̀tá, ó ń ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní IgE láti bá a jà. IgE a lọ lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì mast, tó wà lójú, nímú, nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú awọ ara. Bí eruku bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì náà á tú histamine jáde, ìyẹn ló ń yúnni. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé fífọwọ́ ra ojú ń mú kó tú sí i, tó bá sì pẹ́, awọ mímọ́ gaara iwájú ẹyinjú lè di fẹ́lẹ́, kó yọ ṣóńṣó.

Oògùn ìkánsójú tí mo rà ní kẹ́míìsì ni mo kọ́kọ́ dà nù. Steroid, oògùn líle tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá máa wọn ìfúnpá ojú ọmọ, gílókómà, àìsàn tó lè fọ́ni lójú, lè wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a rà. Cromoglycate ni wọ́n kọ fún wa, ìgbà 4 lóòjọ́. Ó ń di sẹ́ẹ̀lì náà mú kó má tú, torí náà à ń kán an ní ọjọ́ tí ojú ò yún pàápàá. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì yàrá wọn, mo ń fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kòkòrò wẹ́wẹ́ inú eruku. Bó bá yún, aṣọ tí mo rì sómi tútù ni mo ń gbé lé e lójú.

Òru ló le jù, torí kò mọ̀gbà tó ń ra á. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó sunkún lálẹ́ àkọ́kọ́, èmi náà ò sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún mo bọ́ wọn, mo gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀ wò. Kò sí ipin kankan lára wọn.