Ọkọ̀ rírà, sáfíìsì àti àtúnṣe ní Òṣogbo: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ sanwó fún

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún un ṣe, ọjà ni wọ́n jọ ń tà. Ní ilé ìtajà tó tún ní ibi àtúnṣe, lọ́pọ̀ ìgbà, pààtì àti iṣẹ́ ọwọ́ ló ń mú èrè gidi wọlé ju ọkọ̀ títà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín níwájú sì lè máa gba kọ́míṣọ̀n lórí ohun tí ẹ bá gbà kí wọ́n ṣe. Kò sọ ọ́ di olè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbọ́ "Ọ̀gá, gbogbo ẹ̀ ló ti jẹ o." Yálà ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ni o, tàbí ẹ ti ní ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ fún sáfíìsì, òfin kan ni kí ẹ dì mú: ohun tí wọn ò fi hàn yín, ẹ má sanwó rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á

Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má sì sọ aago tí ẹ máa dé. Kí ẹ tó kí ara yín tán, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì ọkọ̀ náà ṣáájú yín nìyẹn, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni àrùn rẹ̀ máa ń hàn. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi rẹdíétọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Dúdú, pẹtiróòlù ló ń wọlé jù. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí ẹ bá bá ohun tó ki bí ògì lẹ́yìn rẹ̀, omi ti lè máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Kí mẹkáníìkì yín yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó dá iye lé ọkọ̀ náà.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Iná ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6, kó sì kú fúnra rẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn títí ẹ ó fi sítáàtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo iná tó tàn tí kò kú, wọn kì í wo èyí tí kò tàn rárá. Èyí tí kò tàn rárá ló yẹ kó dẹ́rù bà yín, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó ti lẹ nǹkan bò ó. Tí mẹkáníìkì yín bá so ẹ̀rọ scan mọ́ ọn, kí ó má wo kóòdù, ìyẹn àmì àléébù tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi hàn, nìkan. Kí ó wo àwọn monitor pẹ̀lú, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá sọ pé àwọn ò tíì parí àyẹ̀wò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì ni.

Nọ́ńbà ṣáásì, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, ẹ ó sì tún rí i lára sítíkà ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu láìku lẹ́tà kan. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ Kánádà. J jẹ́ Japan. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 jẹ́ 2007, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ẹni tó bá pe owó ọkọ̀ 2010 lórí ọkọ̀ tó ní 7 níbẹ̀, ẹ rọra fi ìka tọ́ ọ sí i.

VIN yìí kan náà ni kí ẹ tẹ̀ sórí nhtsa.gov/recalls, ojúewé àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ló máa sọ bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ rárá, pàápàá nítorí ẹ́ábáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla, Matrix, Accord àti Civic tó wọ ìlú wa. Kẹ́míkà tó ń fẹ́ ẹ́ábáàgì náà máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ooru àti ọ̀rinrin tí a ní níbí gan-an. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, irin tó wà nídìí rẹ̀ lè fọ́, kó sì ta lu ẹni tó jókòó. Ó ti pa èèyàn. Tí VIN yín bá wà nínú rẹ̀, aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní Nàìjíríà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí rẹ́wáyà àdúgbò tú u.

Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó àti ibi tí táyà ìpamọ́ ń gbé. Ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ níbẹ̀, omi ti lè gbé ọkọ̀ náà rí. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, torí àbààwọ́n omi máa ń fi ara pamọ́ sí apá tí ẹnikẹ́ni kì í fà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wà á: ibi tó gun òkè, ibi tó bàjẹ́, àti ibi tó tẹ́jú tí ẹ ti lè sáré díẹ̀. Tí ẹ bá ju gíá sí D tàbí R, kó gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, kó má sì mú kí ọkọ̀ ta gìrì.

Mẹkáníìkì tí ẹ mú lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ san owó rẹ̀, kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń retí "ẹ ṣeun" lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kò ní lè sọ òótọ́ fún yín.

Ní ti ìwé, ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì tó ní VIN, iye owó àti ọjọ́ nínú, kí orúkọ orí rìsíìtì sì bá orúkọ àkáǹtì tí ẹ sanwó sí mu. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, FCCPA, sọ pé ẹni tó ń ta ọjà gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì, kó sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ tí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Iye ìnṣọ́ránsì third party fún ọkọ̀ ilé jẹ́ ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023. Èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì létí títì, ayédèrú ni.

Sáfíìsì: ohun tó yẹ kó wọ inú ọkọ̀ yín

Ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọọ̀dù yín. Máìlì ni tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ka ìrìn, kì í ṣe kìlómítà. Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn 5,000, kìlómítà ló ní lọ́kàn, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 3,100 lórí dáṣíbọọ̀dù yín. Ẹni tó bá dúró kí 5,000 máìlì pé ti rìn tó 8,000 kìlómítà lórí ọ́ìlì mineral, nínú eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kún fún ìdọ̀tí nìyẹn, tí wọ́n á wá ní kí ẹ ra òmíràn.

Ẹ mọ iye ọ́ìlì tí ọkọ̀ yín ń gbà pẹ̀lú fíltà. Corolla 1.8 ti 2003 sí 2004 ń gba lítà 3.7, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan tó o, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Corolla 1.8 ti 2009 sí 2013 ń gba 4.2, Camry oní-pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009 ń gba 4.3. Fún àwọn méjì yìí, kẹ́ẹ̀gì kan kò tó, ẹ fi lítà kan kún un. Tí wọ́n bá kọ lítà 5 sórí ìwé fún Corolla 2004, ẹ béèrè ibi tí ìyókù wà. Tí wọ́n bá sọ pé inú ẹ́ńjìnnì ló wà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù máa ń hó, kì í sì lè dáàbò bo irin dáadáa. Camry tí mo dárúkọ yẹn, àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, a mọ̀ wọ́n sí jíjẹ ọ́ìlì nítorí ríìnnì pístìnnì wọn. Ẹ máa yẹ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ dúró ti ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú ọ́ìlì. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n pààrọ̀ fíltà àti wáṣà nọ́ọ̀tì ìdí agbada ọ́ìlì. Nọ́ọ̀tì yẹn kò nílò agbára: nǹkan bí 37 Nm lórí sípánà ìwọ̀n ni ti Corolla. Bí ẹ bá rí ẹni tó fi páìpù gùn sípánà kó tó dì í, ẹ dá a dúró. Ojú ìdì inú rẹ̀ á jẹ, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọ́ìlì á máa kán, wọ́n á sì sọ pé agbada ọ́ìlì ti bàjẹ́.

Ọ́ìlì gíá ní orúkọ tirẹ̀. Corolla 2003 sí 2008 ń lo T-IV, èyí tó tẹ̀lé e ń lo WS. Ẹ kà á lára kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n má da "èyí tó bá gbogbo ọkọ̀ mu" sí i. Rẹdíétọ̀ náà, kúláǹtì ni kí ẹ lò, torí omi ẹ̀rọ lásán ń jẹ ẹ́ láti inú. Lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú èrò, fáànù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ máa ń tú ara rẹ̀ fó.

Nígbà tí wọ́n bá ní àtúnṣe kún un

Ibí ni owó ti ń jò jù. Bí wọ́n bá gbé ìwé gígùn wá, ẹ pín ohun inú rẹ̀ sí mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹ ṣe ní iye máìlì yìí. Èkejì ni ohun tí wọ́n wò, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì bá pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ṣọ́ọ̀bù kàn fi kún un: kẹ́míkà fífọ ẹ́ńjìnnì, fífọ ọ̀pá ìfún-epo (injector) nígbà tí ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, afẹ́fẹ́ nitrogen nínú táyà, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí fọkánàísà ń fún yín jẹ́ nitrogen tẹ́lẹ̀. Ẹ sanwó fún èkíní, ẹ ní kí wọ́n fi èkejì hàn yín, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Fún èkejì, ẹ má gba "ó ti jẹ" láìsí nọ́ńbà. Pààdì bíréèkì tuntun máa ń tó mìlímítà 10 sí 12. Tó bá ku 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì ku 6, ó ṣì ní ìrìn lára. Bátìrì tó ti sinmi tó sì kún dáadáa ń fi 12.6 fóòtì hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tí èyí kejì kò bá pé, ojú àtẹ́náétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí bátìrì tuntun náà á kú. Jíjìn ihò ojú táyà kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 1.6. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n pè ní "tuntun" lè ti pé ọdún 8.

Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń parọ́ lé lórí jù, torí ọ̀nà wa ń bà á jẹ́ lóòótọ́. Kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí ẹ̀yin fúnra yín di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń gbọ̀n, bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì tàbí béárìnnì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá gbọ̀n níbẹ̀, ojú táì rọ́ọ̀dù ni. Bí kò bá gbọ̀n, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti rí àrùn hàn yín.

Kóòdù náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í dẹ́rù bà yín. P0420 ń sọ pé katalítíìkì, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́, kò ṣiṣẹ́ tó, kò sọ pé kí ẹ ra òmíràn. Sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn tó ti rẹ̀ tàbí páìpù sílẹ́ńsà tó lu lè mú un yọ, owó wọn sì kéré púpọ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì iridium tó bá Corolla 2003 sí 2008 wọ Nàìjíríà lè lo 120,000 máìlì. Ẹni tó bá fi ẹlẹ́kọ́pà rọ́pò rẹ̀, tó gba owó iridium, ti rẹ́ yín jẹ.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ kò le: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Owó pààtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Èwo ni tuntun, èwo ni bẹ́ljíọ̀mù? Tí ẹ bá rí nǹkan mìíràn, ẹ pè mí kí ẹ tó tú u. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ bá mi kó o sínú búùtù." Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Àmọ́ kí ẹ má tìtorí pé ẹ ń ṣọ́ owó kọ ohun gbogbo: bíréèkì, sítíárìn, táyà àti ẹsẹ̀ tó ti ń yẹ̀ kò ṣeé sún síwájú. Tí owó kò bá tó, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí AC àti péńtì dúró.

Kí ẹ tó gbé e kúrò

Ẹ ka pààtì àtijọ́ inú búùtù mọ́ ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ sítáàtì rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n bá tú táyà, kí wọ́n fi sípánà ìwọ̀n di nọ́ọ̀tì rẹ̀ níṣojú yín, 103 Nm fún Corolla, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn nǹkan bí 80 kìlómítà. Kí nọ́ńbà tó wà lórí dáṣíbọọ̀dù lọ́jọ́ náà wà lórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ "máìlì" tàbí "kìlómítà" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́la, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ẹ wo ilẹ̀ ibi tó sùn.