Bí mo ṣe la ọ̀nà fún fọ́tò àti fídíò nínú áàpù eré ìmárale

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń gbé sínú áàpù eré ìmárale: fọ́tò ara wọn, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ikùn ti ń wọlé, àti fídíò tí wọ́n fi ń bi kóòṣì léèrè bóyá squat wọn gún. Fọ́tò yẹn jẹ́ ohun àṣírí, torí aṣọ kì í sábà pọ̀ lọ́rùn ẹni tó yà á. Fídíò ní tiẹ̀ wúwo. N ò jẹ́ kí ìkankan nínú méjèèjì gba orí server wa kọjá. Láti orí fóònù, inú S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń lọ tààrà.

Fóònù á kọ́kọ́ béèrè àyè lọ́wọ́ server, server á wá fún un ní presigned URL, ìyẹn líǹkì tó ní àṣẹ nínú, tó sì máa ń kú fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fún un. S3 gbà á láyè títí dé ọjọ́ 7, àmọ́ fọ́tò wo lèèyàn fẹ́ fi ọjọ́ 7 gbé? boto3, ìyẹn àkójọ kóòdù Python fún iṣẹ́ Amazon, ni mo fi ṣe é, ẹ sì ṣọ́ Content-Type, tó ń sọ irú fáìlì, níbẹ̀. Bí ẹ bá fi image/jpeg ṣe líǹkì, tí fóònù wá fi image/heic ránṣẹ́, 403 SignatureDoesNotMatch lẹ máa rí, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe kiri nínú IAM, tí Amazon fi ń pín àṣẹ, níbi tí kò sí.

HEIC, irú fáìlì fọ́tò kan, ni iPhone ń yà láti ìgbà iOS 11. sharp (irinṣẹ́ Node.js tó ń ṣàtúnṣe fọ́tò) tí a kàn gbé láti npm (ibi tí wọ́n ti ń gba irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀) kì í kà á, nítorí náà áàpù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di JPEG kó tó kúrò lórí fóònù.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì (àpò fáìlì nínú S3) méjì ni mo ṣe, ọ̀kan fún tútù, ìyẹn fáìlì tí a kò tíì ṣe, ìkejì fún jíjinná, ìyẹn èyí tó ti ṣe tán. Bí Lambda, kóòdù lórí Amazon tó máa ń jí ṣiṣẹ́ nígbà tí fáìlì bá wọlé, bá ń kó èyí tó ti ṣe tán padà síbi tó ti mú un, fáìlì tuntun yẹn á tún jí i, á tún ṣe é, owó á sì máa gorí owó.

Inú EXIF fọ́tò, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó fara pamọ́ sínú fáìlì rẹ̀, ni GPS wà, ó lè júwe ilé onífọ́tò. sharp máa ń pa EXIF rẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n inú EXIF kan náà ni fóònù ń kọ ọ́ sí pé kí a yí fọ́tò dìde. Nọ́ḿbà 6, fún àpẹẹrẹ, ní kí a yí i sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n 90. Nítorí náà, rotate() ló ń ṣíwájú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èèyàn á sùn gbalaja lórí ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dín in kù sí fífẹ̀ píksẹ́lì 1080 àti 320, méjèèjì ní WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́.

Fídíò ló ní wàhálà. 1080p ìṣẹ́jú kan lórí iPhone tó nǹkan bíi 60 MB, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já ní 55, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Multipart, ìyẹn fífi fáìlì ránṣẹ́ ní ègé ègé, ni mo lò, 8 MB lẹ́ẹ̀kan. S3 kò gba èyí tó bá kéré sí 5 MB, àfi ègé tó kẹ́yìn. Àwọn ègé tí ẹnì kan pa tì kì í hàn láàárín àwọn fáìlì yòókù, síbẹ̀ owó wọn ń kà. Ẹ fi AbortIncompleteMultipartUpload sínú lifecycle, ìyẹn òfin tí S3 fi ń pa nǹkan rẹ́ fúnra rẹ̀, kó lè pa wọ́n rẹ́. Ọjọ́ 1 ni tèmi.

Lẹ́yìn náà, inú Lambda, ffmpeg, irinṣẹ́ tó ń yí fídíò padà, ló ń ṣe é:

ffmpeg -i tutu.mov -vf scale=720:-2 -c:v libx264 -crf 23 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -map_metadata -1 -movflags +faststart jinna.mp4

scale=-2:720 tí gbogbo èèyàn ń dà kọ kò dáa fún fídíò ìdúró: fífẹ̀ rẹ̀ á sún kì sí nǹkan bíi 405, kóòṣì ò sì ní rí orúnkún. Tí a bá yọ faststart, ìdí fáìlì ni moov, ìyẹn atọ́ka fídíò, á wà, fídíò ò sì ní tètè ṣí. Lambda kì í kọjá ìṣẹ́jú 15, ìdí nìyí tí mo fi dá fídíò dúró sí ìṣẹ́jú kan. N ò ṣe HLS, ìyẹn gígé fídíò sí wẹ́wẹ́ kó lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ gé sí wẹ́wẹ́.

Signed URL (líǹkì tó ní àṣẹ) oníwákàtí kan láti CloudFront, tí Amazon fi ń pín fáìlì kárí ayé, ni wọ́n fi ń wò ó, bọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà ní títì pa. Líǹkì yìí ń yí padà nígbà gbogbo, nítorí náà orúkọ fáìlì nìkan ni kí áàpù fi máa dá fọ́tò tó ti fi pamọ́ mọ̀. Bó bá fi odindi líǹkì dá a mọ̀, á máa tún un gbà nígbà gbogbo, dátà oníbàárà á sì máa jó.

Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ pa fọ́tò òun rẹ́, ẹ pa tútù, ẹ pa 1080, ẹ pa 320. Bí versioning, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì, bá wà ní títàn, delete marker lásán, ìyẹn àmì pé wọ́n ti pa á rẹ́, ni S3 fi bò ó. Ẹ pa gbogbo version rẹ̀, kí ẹ wá ṣe invalidation lórí CloudFront, kó lè gbàgbé ẹ̀dà tó fi pamọ́.