Merlin wa yìnbọn ní láàpù kẹta: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ìdíje

Àbúrò kan tó ń bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ogun àtijọ́ díje ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ló ń bi mí ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, mo sì gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó gbé e síbí, torí ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ì báà jẹ́ ti mọ́tò, á rí nǹkan mú níbẹ̀. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n: P-51 Mustang ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì. Merlin ni ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀, Rolls-Royce ló ṣe é, Packard náà ṣe tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sìlíńdà 12, lítà 27. Láti 1964 títí di 2023 Reno ní Nevada ni wọ́n ti ń sá eré yìí, kí wọ́n tó kó o lọ sí Roswell ní New Mexico. Òpó ni wọ́n ń yí po, nílẹ̀ nílẹ̀ báyìí, àwọn tó yára jù nínú wọn sì ti ń kọjá máìlì 500 ní wákàtí kan, Mustang ìdíje kan tó ń jẹ́ Dago Red ló kọ́kọ́ fi odindi láàpù, ìyẹn yíyípo kan, ṣe é ní 2003.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọkọ̀ wa wà ní láàpù kẹta lánàá, páwà wà ní bí 120 ìnṣì (ìnṣì mákúrì tá a fi ń wọn bí wọ́n ṣe ń ki atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì tó), àfi "gbòà!" tá a gbọ́ láti ibi tá a dúró sí, èéfín yọ, páílọ́ọ̀tì ké Mayday, ó fa imú ọkọ̀ sókè, Ọlọ́run bá wa ṣe é ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tá a ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ihò tí atẹ́gùn ń gbà lọ sí kàbúrétọ̀ ti bẹ́. Ọ̀gá wa ti gbaná jẹ, wọ́n ní ẹni tó to ẹ́ńjìnnì yìí ló bà á jẹ́, ká tú u sílẹ̀ ká gbé e padà fún un. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, ẹ bá mi kí páílọ́ọ̀tì yín dáadáa. Ó ṣe ohun tó tọ́ gan-an, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, iyàrá tó kù lára ọkọ̀ lo máa fi ra òkè, òkè yẹn lo máa fi wá ojú ọ̀nà tí wàá balẹ̀ sí.

Ẹ má tíì dá nǹkankan padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì sítáàtì ẹ́ńjìnnì yẹn "ká kàn gbọ́ bó ṣe ń dún", mo bẹ̀ yín, tí èérún irin bá wà nínú ọ́ìlì, ìsítáàtì kan ṣoṣo yẹn ló máa gbé e wọ inú gbogbo bẹ́ríìn.

Ṣé o rí ìbọn tó yìn yẹn, àmì ni, kì í ṣe àìsàn. Lára Merlin, kàbúrétọ̀ ló ṣáájú súpáchájà, ẹ̀rọ tó ń ki atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni pé epo àti atẹ́gùn ti pò pọ̀ kó tó dé sìlíńdà, gbogbo máníífóólù, ìyẹn páìpù tó ń pín in fún àwọn sìlíńdà, kún fún nǹkan tó lè gbaná. Tí iná inú sìlíńdà kan ò bá tíì kú tán tí fáàfù tó ń gba epo wọlé fi ṣí, iná yẹn á sá padà sínú máníífóólù, gbòà, ó parí. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí iná náà ò kú lásìkò. Epo tó fẹ́lẹ́ jù, tí epo kéré tí atẹ́gùn pọ̀, lè fà á, torí iná ẹ̀ kì í yára jó. Fáàfù tó há lè fà á, mágínẹ́ẹ̀tò (ẹ̀rọ tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná) tó dákú lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni písítìn tàbí fáàfù tí nọ́ọ̀kì, ìyẹn epo tó ń bú gbàmù nínú sìlíńdà, ti jẹ. Ẹni tó to ẹ́ńjìnnì lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òun ló máa gbẹ̀yìn nínú àwọn tí mo máa fura sí.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Wá pákó kan, lu ihò 24 sí i, kọ A1 dé A6 àti B1 dé B6 síbẹ̀ (A àti B ni ìlà sìlíńdà méjèèjì), méjì méjì, torí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní pọ́lọ́ọ̀gì méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí epo ń gbà wọlé, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má nù wọ́n, má fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, fi wọ́n sí ihò wọn kí o wá gbé pákó náà lọ sínú oòrùn. Mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání. Tó bá jẹ́ sìlíńdà kan tàbí méjì ló ṣe ségesège, ibẹ̀ náà ni kó o wá ọ̀ràn lọ: wáyà, fáàfù, pọ́lọ́ọ̀gì fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì ẹgbẹ́ kan, yálà ti àwọlé tàbí ti àjáde, ló tutù tó dúdú, mágínẹ́ẹ̀tò ni, torí mágínẹ́ẹ̀tò kan ló ń fún ẹgbẹ́ kan níná. Tó bá wá jẹ́ gbogbo wọn pátá ló funfun, a jẹ́ pé epo ni tàbí ADI, omi tó ń fọ́n wọlé kó má baà nọ́ọ̀kì. Tú sùrẹ́ìnà ọ́ìlì, asẹ́ tó ń mú èérún irin, náà wò. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ fún mi, má sọ ohun tó o rò.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é sà. Gbogbo wọn funfun bí ẹfun. Mẹ́rin nínú wọn, B4 méjèèjì àti B5 méjèèjì, nǹkan kéékèèké tó ń dán bí ìyẹ̀fun fàdákà lẹ̀ mọ́ tángáránì funfun tó wà lẹ́nu wọn. Sùrẹ́ìnà ọ́ìlì mọ́. Ṣé kì í ṣe eruku Nevada ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe eruku. Alumíníọ́mù ni, orí písítìn ló ti wá. Àyà mi já bí mo ṣe kà á.

Ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì kó tó yìnbọn. Nọ́ọ̀kì tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti bẹ́ríìn o, èyí tí epo ń bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó rọra jó láti ìhà pọ́lọ́ọ̀gì lọ ni. Ooru ẹ̀ máa ń họ orí písítìn bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn họ ọ́. Merlin tó wà nínú Mustang tó lọ ogun, 61 ìnṣì ni wọ́n fún un láti fi gbéra, ó lè gùn dé 67 lójú ìjà, 3,000 ni kíránkì ẹ̀ máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan, agbára ẹ̀ ò sì ju bí ẹṣin 1,500 sí 1,700 lọ. Ẹ̀yin ń fún un ní 120. Àwọn míì ń fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gba agbára ẹṣin tó lé ní 3,000 lára irin kan náà. Súpáchájà tó ń ki atẹ́gùn báyẹn á sọ atẹ́gùn ọ̀hún di iná, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré sì ti yọ ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn yẹn tutù kúrò kó má baà dí i lọ́nà, kí ló wá kù tó ń dáàbò bo písítìn? ADI nìkan ni. Omi àti mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ààbọ̀ ààbọ̀, tó ń fọ́n wọlé pẹ̀lú epo. Tó bá dáwọ́ dúró ní páwà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá lo fi kù.

Nǹkan míì tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Kàbúrétọ̀ yìí máa ń dín epo kù tí ADI bá ti ń ṣàn, torí omi yẹn ti gba iṣẹ́ ìtutù ṣe, epo tó pọ̀ jù kàn ń jẹ agbára ni. Tí ADI bá wá lọ tí epo ò sì tíì padà sí bó ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyà méjì ló jẹ ẹ́ pọ̀. Bàbá kan wà níbi eré yìí, Pete Law, Lockheed ló ti ṣiṣẹ́, ìṣirò kàbúrétọ̀ àti ADI yìí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ẹgbẹ́ tó ń bá ara wọn díje gan-an ló máa ń bá ṣe é. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé irú ìmọ̀ báyìí ò sí nínú ìwé kankan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló yẹ kó o máa bi tó bá ṣì wà láàyè.

Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tú hóòsì ADI níbi tó ti fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tan pọ́ǹpù, fi fóònù ka àsìkò, kó o wọn omi tó jáde. Pa tánkì dé dáadáa gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà lókè o, má ṣí i.

Ìbéèrè: Kẹ́ ẹ tó sọ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹnìkan nínú wa ti ní kì í ṣe pọ́ǹpù, pé tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́ láti yí òpó po, omi á ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tánkì, ẹnu páìpù á wà lófìfo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó jọ òótọ́ létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí páílọ́ọ̀tì bá yí ọkọ̀ dáadáa, ohun tó ń tẹ òun fúnra ẹ̀ mọ́ àga náà ló ń tẹ omi mọ́ ìsàlẹ̀ tánkì, ì báà jẹ́ pé ìyẹ́ ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró. Gbé ife omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó o jù ú yípo lókè orí, omi ò ní dànù. Lọ wọn omi jàre.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ṣàn dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn ẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń tutọ́, pọ́ǹpù ń ké. Mo yí ìdérí tánkì, atẹ́gùn fà wọlé "fììì", ara tánkì tó ti wọnú tún padà síta, "gbọn!" Mo wá wo ihò kékeré tí tánkì fi ń mí lábẹ́ ìyẹ́. Téèpù wà lójú ẹ̀. Téèpù aláwọ̀ búlúù. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ nígbà tá à ń fọ ọkọ̀ kó tó di ọjọ́ eré, kí ọṣẹ má baà wọlé. Mo yọ ti àwọn ihò yòókù, mi ò yọ ìyẹn. Mi ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sùn.

Ìdáhùn: Mo ti ka èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Lọ bá ọ̀gá yín báyìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Mú téèpù yẹn dání, mú pákó pọ́lọ́ọ̀gì dání, kó o kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ bó o bá ṣe mọ̀ wọ́n sí, kó o sọ bó ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbì kan tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́ láti àárọ̀ lórí iṣẹ́ tí ò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Àwọn tó lè to Merlin fún ìdíje ò pọ̀. Irú Dwight Thorn nígbà ayé ẹ̀, tó to ti Strega (Mustang ìdíje míì) àti Dago Red, tàbí Mike Nixon ní Tehachapi ní California, o lè fi ìka ka irú wọn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150,000, Packard nìkan ṣe ju 55,000 lọ, síbẹ̀ lónìí ńṣe ni wọ́n ń ṣa pátì tó dáa bí ẹni ń ṣa ìrẹsì nínú òkúta.

Tí wọ́n bá bínú, gbà á mọ́ra. Èmi náà ti gbàgbé irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, kò tíì gbéra nígbà tí mo sáré lọ jẹ́wọ́, ìbáwí yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní. Láti ọjọ́ yẹn, téèpù tí mo bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, mo máa ń so rìbọ́n pupa gígùn mọ́ ọn, mo sì ń kọ iye tí mo lẹ̀ sínú ìwé.

Ìbéèrè: Mo ti sọ. Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n wá ní kí n pe ẹni tó to ẹ́ńjìnnì fúnra mi, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Òun náà ló ní kí n bi yín pé ṣé ẹ rò pé àwọn kọnrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíránkì, á ti tẹ̀. Ẹnìkan sì tún ń bi mí pé ṣé omi tí wọ́n ń fọ́n sí rédíétọ̀ ò lè gba ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: O ṣeun, o káre láé.

Ti omi kọ́kọ́ ná: omi méjì ló wà nínú ọkọ̀ yín, wọn ò bára wọn tan. Èyí tí ń fọ́n sí iwájú rédíétọ̀, ìta ló wà, ooru ara ẹ́ńjìnnì ló ń gbé lọ, omi tí ò ní iyọ̀ kankan nínú ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹfun má baà dí rédíétọ̀. Kò mọ nǹkankan nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sìlíńdà. Géèjì ooru yín lè wà níbi tó dáa jù lọ kí písítìn sì máa yọ́.

Ti kọnrọ́ọ̀dù: tó bá jẹ́ ti Allison ni wọ́n fi síbẹ̀, bí àwọn tó ń to ti ìdíje ṣe sábà máa ń ṣe, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Allison ni ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà tó wà nínú Mustang àkọ́kọ́ kí Merlin tó dé, kọnrọ́ọ̀dù àwọn tó ṣe gbẹ̀yìn nípọn ju ti Merlin lọ, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un ṣe kó lè bá kíránkì mu. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n wọ́n náà. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ B kúrò látòkè, ẹ yọ písítìn B4 àti B5, ẹ wo òrùka wọn bóyá ó ti há, ẹ wo ìjókòó fáàfù. Ẹ wo ilé súpáchájà bóyá ó ti sán, ìbọn tó yìn yẹn lè là á, ojú lásán sì lè má rí i, ẹ fi oògùn tó ń fi ojú sísán hàn kùn ún. Ẹ̀gbẹ́ A, ẹ fi kámẹ́rà kékeré wo inú ẹ̀ láti ihò pọ́lọ́ọ̀gì.

Tẹ́ ẹ bá tò ó padà, ẹ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì 24 náà pátá, tángáránì tí nọ́ọ̀kì bá ti gbá, ẹ má fọkàn tán an mọ́. Ẹ fi iná pupa tó ń tàn tí ADI bá lọ sílẹ̀ síwájú ojú páílọ́ọ̀tì gan-an, kì í ṣe nísàlẹ̀ lẹ́bàá orúnkún, ẹni tó ń wo òpó ò ráyè wo orúnkún. Ẹ kọ́kọ́ fò ó ní páwà tí ò nílò ADI rárá, kó balẹ̀, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn náà ADI gbọ́dọ̀ ti máa ṣàn kẹ́ ẹ tó kọjá ibẹ̀, ẹ má sì tan án ní páwà kékeré o, omi á kàn paná ni. Ẹ gùn ún díẹ̀díẹ̀, kó balẹ̀, ẹ tún tú pọ́lọ́ọ̀gì. Yà wọ́n ní fọ́tò nínú oòrùn lórí pákó yẹn kó o fi ránṣẹ́ sí mi, ti B4 àti B5 ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.