Mo fi ọjọ́ méje wọn gbogbo omi tí à ń lò nínú ilé wa ní Àkúrẹ́

Oṣù kejì ọdún yìí ni súmò wa, ẹ̀rọ tó ń fa omi kàǹga sókè, bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé níbí tàbí àwọn àdúgbò tuntun tó yí Àkúrẹ́ ká á mọ ohun tí mò ń sọ, páìpù ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wa, kàǹga tí kálukú gbẹ́ sínú ọgbà ẹ̀ ló ń lò, tó bá wá di àárín ẹ̀ẹ̀rùn kàǹga á máa sọ̀ kalẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ tí ìfami ń ha òkúta nísàlẹ̀. Súmò tó bá ń fa afẹ́fẹ́ á gbóná, tí ẹ ò bá tètè pa á á jó, mo sáré lọ pa tiwa. Ọkọ mi ní ká pe àwọn agbẹ́kàǹga kí wọ́n wá jìn ín sí i. Mo ní kò burú, Dádì Tóbi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ iye omi tí à ń lò gan-an, torí èèyàn mẹ́fà péré la wà nílé, èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá mi tó ti Òkè-Àró wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, mi ò sì mọ bí èèyàn mẹ́fà ṣe ń mu kàǹga gbẹ.

Télọ̀ ni mí, ìwọ̀n nìṣẹ́ mi, bóyá ohun tó jẹ́ kó wù mí láti wọ̀n ọ́n nìyẹn. Bí mo ṣe ṣe é rèé, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é nílé tiẹ̀, kò gba owó púpọ̀.

Tánkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tánkì dúdú 1000 lítà ló wà lórí sítáǹdì lẹ́yìn ilé wa, ojú ò lè rí inú ẹ̀, ìyẹn sì dà mí láàmú títí mo fi rántí hóòsì tó mọ́ bíi gíláàsì tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba. Mo lọ yá a lọ́wọ́ bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì, mo ki ẹnu ẹ̀ kan bọ táàpù tó wà nídìí tánkì, mo fi rọ́bà dì í pinpin, mo wá fa ẹnu kejì gba ara tánkì lọ sókè, mo so ó mọ́ irin. Bí mo ṣe ṣí táàpù báyìí omi gun inú hóòsì lọ, ó sì dúró síbi tí omi inú tánkì dé gẹ́lẹ́. Ẹ má dí ẹnu hóòsì tó wà lókè o, tí afẹ́fẹ́ ò bá rí ibẹ̀ gbà omi ò ní dúró síbi tó yẹ.

Ká tó mọ iye lítà, a ní láti sàmì sí i. Tánkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lọ́jọ́ yẹn, mo bá ro ìyókù dànù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ra kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ mẹ́ruwà, èmi àti Tóbi là ń gbé e gun àkàbà, tí a bá ti da mẹ́rin sí i màá fi màkà fa ìlà sára tánkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóòsì, 100, 200, 300, 400. Tánkì yẹn dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dókè, àlàfo àwọn ìlà náà wá dọ́gba, mo kàn fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ fa ìyókù ni. Ọrùn àti ẹ̀yìn dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Lítà omi kan kílò kan ni, kẹ́ẹ̀gì kan ti wọ kílò 25 kó tó kan ike ẹ̀, mo sì ń rántí àwọn ọmọ kéékèèké tí mo máa ń rí láràárọ̀ tí wọ́n ń ru ú kọjá níwájú ilé wa kí wọ́n tó lọ síléèwé, àánú wọn ṣe mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà mo ṣòfin fún gbogbo ilé pé fún ọjọ́ méje kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa omi tààrà látinú kàǹga, inú tánkì ni gbogbo ẹ̀ máa gbà. Ìyá mi ló le jù láti bẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n fi ìfami fa tiwọn ní ìdájí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń ka ìlà, ká tó tan súmò àti lẹ́yìn tí a bá pa á. Mo gbé ìwé kan kọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì, mo so bírò mọ́ ọn, ẹni tó bá bu omi á fa igi kan síbi tó yẹ, ìwẹ̀, abọ́, oúnjẹ, aṣọ, tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, 20 lítà, tàwọn ọmọ, 10 lítà. Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ti omi ẹ̀ pa, mo fọ̀ ọ́ dànù, mo wá ń fi ike lítà kan ààbọ̀ rọ omi padà sínú àpótí ẹ̀yìn ẹ̀, ike mẹ́fà ló gbà kó tó kún dé ojú ìlà. Lítà mẹ́sàn-án ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ìtọ̀ lásán ló tọ̀.

Kàǹga náà, mo wọ̀n ọ́n. Ríìngì ni wọ́n fi ṣe é, fífẹ̀ inú ẹ̀ sì jẹ́ mítà kan. Tóbi tó wà ní SS1 ló bá mi ṣírò ẹ̀, ó ní Mọ́mì, tí omi ibẹ̀ bá ga ní mítà kan, lítà 785 ni. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo ta kókó sí i, mo jù ú sísàlẹ̀ ní alẹ́ Sọ́ńdè, a ò sì tan súmò rárá títí di alẹ́ Mọ́ńdè, omi tí a ti rà sílẹ̀ là ń lò. Nígbà tí mo tún jù ú sí i, omi ti gùn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 48. Lítà 377 nìyẹn. Gbogbo ohun tí kàǹga wa lè fún wa láàárín ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí súmò tiẹ̀ lágbára bí erin.

Ẹ wá wo ohun tí à ń lò. Lẹ́yìn ọjọ́ méje mo pín in sí méje, 530 lítà lójúmọ́. Kàǹga ń mú 377 wá, a ń ná 530, èyí tó kù sì jẹ́ bíi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, iye kẹ́ẹ̀gì tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn! Mo jókòó sórí àga mo kàn ń wo ìwé náà. Omi mímu àti ti oúnjẹ, 28 lítà péré, èmi tí mo ti ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n bu omi mu tán wọ́n da ìyókù nù. Ìwẹ̀ gba 130, abọ́ gba 45, aṣọ tí à ń fọ̀ ní Sátidé gba 280, tí ẹ bá pín in sí ọjọ́ méje 40 ni, nínu ilẹ̀ àti bíbomi rin ẹ̀fọ́ 20. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún lójúmọ́, 162. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí a fi ń se oúnjẹ tí a sì ń mu.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ tí mo rò pọ̀, 425 ni, tánkì sì ní 530. Níbo ni 105 lọ?

Táàpù ẹ̀yìn kíṣìnì ni mo kọ́kọ́ fura sí, ó ti ń kán láti nǹkan bí ọdún kan, tó, tó, tó, etí wa ti mọ́ ọn lára débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Mo gbé ike 75cl sábẹ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú 50 ló fi kún. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó lé ní lítà 21 lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì kan ku díẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Síbẹ̀ ó ku 84. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo ní kí kálukú lo omi kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé síbi tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó bá jí lóru, mo ka ìlà tánkì ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo tún kà á ní aago márùn-ún ìdájí, ọgbọ̀n lítà ti lọ nígbà tí gbogbo wa sùn. Táàpù ò lè kán ju bíi mẹ́fà lọ láàárín wákàtí méje. Mo bá mú búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, mo bù ú díẹ̀ sínú àpótí omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mi ò tẹ̀ ẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo máa fi padà dé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, omi ìsàlẹ̀ ti di búlúù. Rọ́bà tó ń dé ihò ìsàlẹ̀ àpótí yẹn ti gbó, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ láìdún, súmò ń fa omi gòkè, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń dà á sí sókàwéè. Kí ẹnikẹ́ni tó pe agbẹ́kàǹga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi búlúù dán tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín wò.

Bàbá Fọlákẹ́ tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n rí mi tí mò ń gun àkàbà lójoojúmọ́, wọ́n bi mí ohun tí mò ń ṣe, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, omi kì í sọnù o. Èyí tí ẹ fi wẹ̀, ilẹ̀ ló padà sí, òòrùn á fa òmíràn lọ sókè, òjò á tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí lẹ wá ń ṣọ́?" Mi ò fèsì lọ́jọ́ yẹn torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo gbé e sùn.

Ohun tí mo padà sọ fún wọn rèé. Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè ti rí irú àpáta tó wà lábẹ́ tiwa náà, tiwa kàn bora ni. Omi òjò kì í wọ inú odindi àpáta, inú iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ àti ibi tí àpáta bá ti sán ló ń sá pamọ́ sí, ìwọ̀nba sì ni. Kò dà bí ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà Ìgbókòdá, tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn jinlẹ̀. Torí náà omi ayé lè má dín, ṣùgbọ́n omi tó wà nínú kàǹga tèmi lóṣù kejì ń dín, àti ti Bàbá Fọlákẹ́ pàápàá, torí ilẹ̀ kan náà la jọ ń fà á. Èyí tó bá sì gba sókàwéè lọ, ta ló fẹ́ kó tètè padà sínú kàǹga? Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé kí kàǹga jìnnà sí sókàwéè, ó kéré tán 30 mítà, ni pé kò yẹ kó padà kíá. Iná tún ńkọ́, súmò 1 HP tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúnìítì kan nínú mítà, iná yẹn kì í bá òjò padà. Mo gbà fún wọn pé ní oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí kàǹga kún, èèyàn tó ń gbààwẹ̀ omi kàn ń fìyà jẹ ara ẹ̀ ni. Àsìkò ló ni ọ̀rọ̀ yìí.

Àtúnṣe ò le. Rọ́bà àpótí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti wáṣà táàpù, ọ̀nà Arákalẹ̀ ni mo ti rà wọ́n, púlọ́ńbà fi kò ju ìdajì wákàtí lọ ṣe méjèèjì. Mo rọ yanrìn àti omi kún ike lítà kan ààbọ̀, mo dé e pa, mo gbé e sínú àpótí tọ́ílẹ́ẹ̀tì síbi tí kò ti ní kan irin, lítà kan ààbọ̀ ti dín nìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣì ń gbé ìdọ̀tí lọ dáadáa, tí tiyín ò bá gbé e lọ ẹ yọ ọ́ kúrò torí títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì burú jù. Ìyá mi ló kọ́ àwọn ọmọ láti fọ abọ́ nínú bésìnnì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣàn, dípò kí táàpù máa ṣí sílẹ̀. Omi tí a fi ṣan aṣọ ní Sátidé, a kì í dà á nù mọ́, inú dúrọ́ọ̀mù ló ń lọ, òun la fi ń da tọ́ílẹ́ẹ̀tì títí di Mọ́ńdè. Kí wọ́n dín omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ kù, ìyẹn ni ìyá mi ò gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣàn án, wọ́n ní ọṣẹ tó bá kù lára aṣọ á jẹ́ kí ara máa yún ọmọ, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Nǹkan méjì ni mi ò fọwọ́ kàn, omi ìfọwọ́ àti omi oúnjẹ. Onígbáméjì kò mọ̀ pé kàǹga ń gbẹ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èèyàn kan nílò bíi lítà 50 sí 100 lójúmọ́ kó tó lè rí omi lò bó ṣe yẹ, ọdún 2010 sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn, torí náà dídín omi kù ní ibi tó yẹ kó mọ. Nígbà tí à ń lo 530, 88 ló ń kan ẹnì kan, ṣùgbọ́n nínú 88 yẹn ó lé ní 17 tó jẹ́ pé jíjò lásán ni, ẹnikẹ́ni ò fi wẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi sebẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo tún wọ̀n ọ́n, 358. Kàǹga ń mú 377 wá, a ò sì ra kẹ́ẹ̀gì kan mọ́ títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Òjò náà, mo ti ń múra dè é báyìí, òrùlé wa fẹ̀ tó bíi mítà 90 níbùú-lóòró, tí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú-lóòró lítà kan ni, òjò mílímítà 20 péré lè fún wa ní bíi 1800 lítà tí a bá rí gọ́tà tó dáa gbà á, a sì ti ń jẹ́ kó ṣàn lọ sínú odò Àlà láti ọjọ́ yìí. Ọkọ mi ò tún sọ̀rọ̀ agbẹ́kàǹga mọ́, gọ́tà ni wọ́n ń béèrè iye ẹ̀ báyìí.

Hóòsì bíríkìlà yẹn, mi ò tíì dá a padà. Bàbá Fọlákẹ́ ní kí n bá àwọn so ó mọ́ tánkì tiwọn ní Sátidé tó kọjá, a ka ìlà lálẹ́ a tún kà á láàárọ̀, àwọn ọmọ wọn ò sí nílé, àwọn àti ìyàwó nìkan ló sùn níbẹ̀, lítà 60 ló ti lọ, wọ́n sì ti ní kí n bá àwọn mú búlúù dání tí mo bá ń bọ̀.